Ẹ gbà mí o: sẹ́kọ́ńdì ni kọ̀ǹpútà ń kà, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè kà?

Ọmọ_Tanke

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ìlọrin níbí ni mo wà, apá Tanke, mo ń kọ áàpù kékeré kan tí èèyàn lè fi máa gbọ́ wáàsí lórí fóònù, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe gùn tó, sẹ́kọ́ńdì sì ni kọ̀ǹpútà fi ń sọ ọ́ fún mi, èmi náà kàn gbé nọ́ńbà yẹn sójú fóònù bó ṣe wà.

Jímọ̀ tó kọjá ni mo fi han màmá mi. Wọ́n mú awò wọn, wọ́n wo abẹ́ orúkọ wáàsí àkọ́kọ́ dáadáa, wọ́n ní "5025 yìí ńkọ́, ṣé a máa sanwó ni?" Mo ní rárá o, bí wáàsí yẹn ṣe gùn tó nìyẹn. Wọ́n ní "Ta ló ń ka àsìkò báyìí?" Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọn ò tẹ nǹkan kan níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an torí pé tìtorí irú wọn gan-an ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ìbéèrè mi pé méjì. Àkọ́kọ́, kí ni ọ̀nà tó dáa jù láti sọ sẹ́kọ́ńdì di ọ̀rọ̀? Ìkejì, ẹni tó ń bá wa kó wáàsí sórí ẹ̀ máa ń fọwọ́ tẹ bó ṣe gùn tó nígbà míì, ó lè kọ "wákàtí kan ààbọ̀", ó lè kọ "80min", ó lè kọ "1:20", mo fẹ́ kí kóòdù lè sọ ìyẹn náà padà di sẹ́kọ́ńdì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Baba_Ìbejì

O káre àbúrò. Má jẹ́ kó dà ẹ́ láàmú, ìṣirò pínpín ni. Wò ó bí ẹni tó ń wọn gàrí lọ́jà: wà á kọ́kọ́ fi dí àpò, èyí tí ò kún àpò ni wà á fi kóńgò wọ̀n, èyí tí ò kún kóńgò ni wà á fi ife bù. Wákàtí ni àpò, sẹ́kọ́ńdì 3600 ló ń gbà. Ìṣẹ́jú ni kóńgò, 60 ló ń gbà. Ìyókù ni ife.

Mú 5025 yẹn. 3600 lọ nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ku 1425. 60 lọ nínú 1425 nígbà 23, ó ku 45. Wákàtí 1, ìṣẹ́jú 23, sẹ́kọ́ńdì 45, ó parí. Python ní divmod tó ń ṣe pínpín àti ìyókù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

```
def pin(apapo):
    wakati, iyoku = divmod(apapo, 3600)
    iseju, aaya = divmod(iyoku, 60)
    return wakati, iseju, aaya
```

Tó bá jẹ́ pé ó lè ju ọjọ́ kan lọ, fi 86400 ṣáájú. Èyí tó ńlá ni kó máa ṣáájú nígbà gbogbo o, má bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Nǹkan kan tí mo fẹ́ kí o dì mú ṣinṣin nìyí: nínú dátábéèsì, sẹ́kọ́ńdì ni kó wà, nọ́ńbà odindi, má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ síbẹ̀ láé. Ìgbà tó bá fẹ́ jáde sójú fóònù ni kó tó di ọ̀rọ̀. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ níbì kan tí wọ́n ti kó "1 hr 5 mins" àti "65 minutes" àti "1:05" sínú ibi kan náà, wọ́n wá ní ká sọ èyí tó gùn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi tún un ṣe.

Ará_Fate

Kí lẹ ń dá ara yín lágara sí? Ìlà kan ni:

time.strftime("%H:%M:%S", time.gmtime(5025))

Ó máa fún ẹ ní 01:23:45. Tí o bá wà lórí Linux, date -u -d @5025 +%T ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Baba_Ìbejì

@Ará_Fate mo mọ ọ̀nà yẹn, mo ti lò ó, ó sì ti já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan tó ń ṣe ni pé ó mú sẹ́kọ́ńdì 5025 bí ẹni pé aago kan ni, aago tó bẹ̀rẹ̀ láti òru January 1, 1970, ó wá ń sọ fún ẹ pé aago ti lu mélòó. Aago àti gígùn àkókò kì í ṣe nǹkan kan náà. Aago ò lè kọjá 24, fún un ní 90000 tó jẹ́ wákàtí 25 kí o wò ó, 01:00:00 ló máa kọ síwájú ẹ, ọjọ́ kan odindi ti sọnù, kò sì ní sọ fún ẹ pé nǹkan kan sọnù.

Èkejì ló burú jù fún àwa tí a wà ní Nàìjíríà níbí. Tí ọwọ́ ẹ bá ṣì, tí o kọ localtime dípò gmtime, aago wa fi wákàtí kan ṣáájú UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé tí gmtime ń tẹ̀lé, nítorí náà 5025 máa di 02:23:45. Mo ti kọ kóòdù fún ṣọ́ọ̀bù kan rí tí wọ́n ti ń ta àkókò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kóòdù mi kọ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i lọ́rùn. Ọ̀sán gbáko ni mo fi ń wá ibi tí wákàtí yẹn ti wá, àwọn oníbàárà dúró lé mi lórí, gbogbo ẹ̀ ni mo tún kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí n tó rí i pé localtime ni. Láti ọjọ́ yẹn divmod ni mo ń lò, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i.

Ará_Fate

Hẹn-ẹn. Wákàtí kan yẹn, mo ti rí i rí nínú JavaScript, mo kàn máa ń yọ ọ́ kúrò ni, mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n.

Baba_Ìbejì

Má yọ ọ́ o! Tí ẹni tó wà ní ìlú míì bá ṣí i, èyí tó o yọ máa di àṣìṣe tuntun.

Ìyá_Kóòdù

Ẹ jẹ́ kí n fi ti JavaScript kún un torí pé wáàsí lẹ ń sọ, àwa tí à ń ṣe nǹkan olóhùn lórí wẹ́ẹ̀bù ti jẹ ìyà ẹ̀.

Ọmọ_Tanke, kọ́kọ́ mọ ohun tí ibi kọ̀ọ̀kan ń fún ẹ. Nínú bráúsà, audio.duration ń fún ẹ ní sẹ́kọ́ńdì, ó sì máa ń ní ẹ̀sẹ̀ lẹ́yìn, bíi 5025.384. Tó bá jẹ́ Date.now() lo fi ń kà á, mílísẹ́kọ́ńdì nìyẹn, ìlọ́po 1000. MediaPlayer ti Android náà, getDuration ẹ̀, mílísẹ́kọ́ńdì. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, wáàsí wákàtí kan máa di ọjọ́ mọ́kànlélógójì lójú ẹ̀, mi ò bá yín ṣeré. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń kọ ìwọ̀n mọ́ orúkọ: gigun_aaya, gigun_ms. Tí mo bá rí "gigun" lásán nínú kóòdù ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mi ò ní gbà á wọlé.

Ìkejì, tí fáìlì ò bá tíì ṣí dáadáa, audio.duration á fún ẹ ní NaN, ìyẹn "kì í ṣe nọ́ńbà", gbogbo ọ̀rọ̀ tí o bá kọ á di "NaN wákàtí NaN ìṣẹ́jú". Dúró de loadedmetadata kí o tó béèrè. Tó bá sì jẹ́ wáàsí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ ni, tí kò tíì lópin, Infinity lo máa rí, ìyẹn ò ṣeé pín, ṣe ni kí o kọ "Ó ń lọ lọ́wọ́".

Ìkẹta ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí díẹ̀ torí gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Ẹ mú 3599.7. Ẹ pín in: wákàtí 0, ìṣẹ́jú 59, ó ku 59.7. Ẹ wá sọ 59.7 yẹn di odindi nígbà tí ẹ fẹ́ kọ ọ́ jáde, ó di 60. Ojú fóònù á wá kọ "ìṣẹ́jú 59, sẹ́kọ́ńdì 60". Ta ló ti rí sẹ́kọ́ńdì 60 rí lójú aago ara ẹ̀? Oògùn ẹ̀ ò le: àpapọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ di odindi, 3599.7 á di 3600, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín, á sì di wákàtí 1 géérégé. Ẹ sọ ọ́ di odindi kí ẹ tó pín, ẹ má pín in kí ẹ tó sọ ọ́ di odindi.

Ọmọ_Tanke

Màámi, ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ wo tèmi, ffprobe ni mo fi ń ka fáìlì, òun náà ń fún mi ní ẹ̀sẹ̀ lẹ́yìn, mo sì rí wáàsí kan tó kọ sẹ́kọ́ńdì 60 lóòótọ́!! Mo ti tún un ṣe.

Àbúrò_Ìpàtà

Ẹ bá mi wo tèmi náà. Ààwẹ̀ tó kọjá mo kọ nǹkan kékeré kan fún ilé wa, ó ń ka iye àkókò tó kù ká tó ṣínu. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa, gbogbo ilé ń wò ó, ó ku ìṣẹ́jú kan, ó ku ọgbọ̀n sẹ́kọ́ńdì, kò kù mọ́, ó wá kọ èyí:

-1 day, 23:59:48

Àǹtí mi tó ti gbé dàbínù dání ní ṣé a tún máa gba ààwẹ̀ di ọ̀la ni. Omi ló tán sílẹ̀ kí n tó rí nǹkan sọ. timedelta ti Python ni mo lò, mo kàn yọ aago ìsinsìnyí kúrò nínú aago ìṣínu, mo wá tẹ èsì ẹ̀ jáde.

Baba_Ìbejì

Sẹ́kọ́ńdì méjìlá ló ti kọjá, ohun tó fẹ́ sọ fún yín nìyẹn. Bí timedelta ṣe ń kọ nǹkan tó ti kọjá òdo nìyẹn: ó fi ọjọ́ kan gbèsè, ó wá ń san án padà láti iwájú. Ọjọ́ kan sẹ́yìn, kí o wá fi wákàtí 23, ìṣẹ́jú 59 àti sẹ́kọ́ńdì 48 kún un, òun náà ni sẹ́kọ́ńdì 12 sẹ́yìn. Ìṣirò ẹ̀ tọ̀nà, àmọ́ èèyàn kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Àmì àyọkúrò ni kí o kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Béèrè bóyá ó kéré sí òdo, tọ́jú ìdáhùn, lo abs láti bọ́ àmì yẹn kúrò, pín in bí a ṣe ń pín in, kí o tó wá pinnu ọ̀rọ̀ tó máa ṣáájú: "ó ku" tàbí "ó ti kọjá". Má jẹ́ kí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo wọ inú divmod, -90 tí o bá fi 60 pín nínú Python á fún ẹ ní -2, ìyókù 30. JavaScript ní tiẹ̀, -90 % 60 (% ló ń mú ìyókù wá) máa jẹ́ -30. Èdè méjì, èsì méjì, ẹni tó bá ń da kóòdù kọ láti inú ọ̀kan sí ìkejì á ṣubú síbẹ̀.

Nígbà tí a wà níbẹ̀, .seconds ti timedelta kì í ṣe àpapọ̀ o! Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan àti sẹ́kọ́ńdì 5, .seconds máa sọ pé 5. total_seconds() ni ẹ ń wá.

Àáfáà_Kọ̀ǹpútà

Àsàlámù aléékúmù. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, ó dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ sọ nípa ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀lé nọ́ńbà, torí mo rí i pé Ọmọ_Tanke máa fẹ́ kí áàpù ẹ̀ ní Yorùbá, Òyìnbó àti Lárúbáwá, Ìlọrin la wà, àwọn ọmọ ilé kéwú á lò ó.

Yorùbá ló rọrùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbí. Wákàtí kan, wákàtí méjì, wákàtí ọgọ́rùn-ún, "wákàtí" ò yí padà. Òyìnbó ń fẹ́ s lẹ́yìn, 1 hour, 2 hours, nítorí náà o gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ó jẹ́ ẹyọ kan. Lárúbáwá ńkọ́? Wákàtí kan ni sāʿa. Méjì, kò sí nọ́ńbà níbẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń yí padà, sāʿatān. Láti mẹ́ta dé mẹ́wàá, ó di sāʿāt. Ó bá tó mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ á tún padà sí ẹyọ. Ẹni tó bá fi "if n == 1" ti Òyìnbó kọ ọ́, gbogbo ọmọ kéwú tó bá rí i ló máa mọ̀ pé kò tọ̀nà.

Ẹ má dá a kọ fúnra yín. Àwọn tó ń tọ́jú CLDR, àkójọ òfin èdè tí kọ̀ǹpútà ń lò, ti to òfin yìí sílẹ̀ fún èdè púpọ̀, Lárúbáwá ní ọ̀nà mẹ́fà níbẹ̀, Òyìnbó méjì, Yorùbá wa ọ̀kan ṣoṣo. Nínú JavaScript, Intl.PluralRules ló ń bá ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wà lódindi fún èdè kọ̀ọ̀kan, ẹ má máa lẹ nọ́ńbà mọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń lẹ bébà, torí pé ipò nọ́ńbà yàtọ̀ láti èdè sí èdè, Òyìnbó ń fi ṣáájú, àwa ń fi ṣẹ́yìn.

Olùkọ́_Èdè

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Òmù-Àrán ni mo wà, Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, Python tí mo mọ̀ ò pọ̀. Ṣùgbọ́n àáfáà wa ní àwa ń fi nọ́ńbà ṣẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n tún ibẹ̀ ṣe díẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tọ̀nà. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún, ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ "ìṣẹ́jú ogún"? Ogún ìṣẹ́jú la ń sọ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ogójì ìṣẹ́jú, àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ó tún wá di ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún, nọ́ńbà padà sẹ́yìn. Nítorí náà tí Ọmọ_Tanke bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kọ nọ́ńbà, ogún, ọgbọ̀n, ogójì àti àádọ́ta gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tiwọn. Tó bá jẹ́ 20 lo fi kọ ọ́, kò sí wàhálà, "ìṣẹ́jú 20", ojú ti mọ ọ́n.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń kà á. 21 dé 24, a fi kún ogún: mọ́kànlélógún, méjìlélógún, mẹ́tàlélógún, mẹ́rìnlélógún. Ó bá di 25, a ti ń yọ kúrò nínú ọgbọ̀n: mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, títí dé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. 45 di márùndínláàádọ́ta. 59 di mọ́kàndínlọ́gọ́ta, nítorí náà ẹ nílò ọgọ́ta nínú àkójọ yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú kì í dé 60. Àwọn ọmọ mi máa ń ṣe àṣìṣe sí márùn-ún yẹn, kóòdù náà lè ṣe é.

Baba_Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́ wa. Ẹ wo bí mo ṣe gbọ́ ọ yé, ti 21 lọ sókè:

```
ori = ["", "mọ́kàn", "méjì", "mẹ́tà", "mẹ́rìn", "márùn"]
idi = {20: "lógún", 30: "lọ́gbọ̀n", 40: "lógójì",
       50: "láàádọ́ta", 60: "lọ́gọ́ta"}

def ka(n):
    e = n % 10
    if e <= 4:
        return ori[e] + "lé" + idi[n - e]
    return ori[10 - e] + "dín" + idi[n - e + 10]
```

Èyí tó jẹ́ 1 dé 20, ẹ tò ó kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tó nǹkan. Àwọn tí òdo wà nídìí wọn, bíi 30 àti 40, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dé ibí.

Olùkọ́_Èdè

Mo dán an wò, 23, 36, 45, 58, gbogbo ẹ̀ ló jáde bó ṣe yẹ! 25 nìkan ló sọ pé márùndínlọ́gbọ̀n, ìyẹn náà kò ṣàìtọ̀nà, àwọn èèyàn ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Nǹkan kan tún kù. Tí ẹ bá máa kọ ìgbà tí wọ́n gbé wáàsí kan sórí ẹ̀, bíi "láná", "níjẹta", ẹ ṣọ́ra fún ìṣirò. Ìjẹta, ẹ̀ta ló wà nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn: òní, àná, ìjẹta. Lójú kọ̀ǹpútà ọjọ́ méjì péré nìyẹn, sẹ́kọ́ńdì 172800. Ẹni tó bá fi 259200 síbẹ̀ ti sọ ìjẹrin di ìjẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni aago ń kà á.

Ọmọ_Tanke

Olùkọ́, ẹ ṣé o, ohun tí mi ò rò kàn nìyẹn. Mo ti ń ṣe ti ìkejì báyìí, kí ọ̀rọ̀ padà di sẹ́kọ́ńdì. Mo ní kó wá "ìṣẹ́jú" kó fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀. Mo dán "ìṣẹ́jú àáyá 30" wò, ìyẹn sẹ́kọ́ńdì 30, ó fún mi ní 1800.

Ìyá_Kóòdù

Ó rí "ìṣẹ́jú" tó wà nínú "ìṣẹ́jú àáyá", ó sì dúró síbẹ̀. Èyí tó gùn ni kó kọ́kọ́ wá, kó tó wá èyí tó kúrú.

Ohun míì ni àmì ohùn. Ẹnì kan á tẹ ìṣẹ́jú, ẹnì kan á tẹ iseju, ẹnì kan á tẹ ẹ pẹ̀lú ilà lábẹ́ dípò àmì tóótòòtó, lójú wa ọ̀kan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kódà ẹ́ tí ẹ rí yìí, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kó o jọ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ju ẹyọ kan lọ. Bọ́ gbogbo àmì kúrò kí o tó wá nǹkan kan:

```
import unicodedata
def bo_ami(oro):
    oro = unicodedata.normalize("NFD", oro.lower())
    return "".join(h for h in oro
                   if unicodedata.category(h) != "Mn")
```

Níbi kíkà nìkan ni kí o ti ṣe bẹ́ẹ̀ o, èyí tó máa jáde sójú èèyàn gbọ́dọ̀ ní àmì ẹ̀ pé. Màmá ẹ kò gbọ́dọ̀ máa méfò.

Fún "ààbọ̀", ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ ni. Wákàtí kan ààbọ̀ jẹ́ 5400, wákàtí méjì ààbọ̀ jẹ́ 9000, ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ jẹ́ 150. Má fi 1800 síbẹ̀ pátápátá.

Baba_Ìbejì

"1:20" ńkọ́? Èrò tèmi ni pé má méfò rárá. Ó lè jẹ́ wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú kan àti ogún sẹ́kọ́ńdì, kò sí ọgbọ́n kóòdù tó lè mọ èyí tó wà lọ́kàn ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Sọ ọ́ padà fún un nísàlẹ̀ ibi tó ti ń tẹ̀ ẹ́, "Wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 20, àbí?" kó rí i fúnra ẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Èyí tí kóòdù ò bá mọ̀, kó sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Kò gbọ́dọ̀ fi òdo síbẹ̀ kó dákẹ́.

Go_ni_mo_ń_kọ

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé pé àwọn èdè kan ti ní tiwọn. Nínú Go, time.ParseDuration("1h20m") ti parí iṣẹ́. Tí ẹ bá kọ "1d" síbẹ̀ kò ní gbà, wákàtí ló ga jù tó mọ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ wa níbí ọjọ́ kan jẹ́ wákàtí 24 nígbà gbogbo torí a kì í yí aago, àmọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù wọ́n ń yí i ní March àti October, ọjọ́ kan á di wákàtí 23, òmíì á di 25. Oṣù ò tiẹ̀ ṣeé sọ, 28 dé 31. Nítorí náà tí áàpù yín bá ń sọ "oṣù 2" láti inú sẹ́kọ́ńdì, ẹ mọ̀ pé ìfojúbù ni.

Tó bá jẹ́ pé láàárín kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà ni, ISO 8601, ìlànà àgbáyé fún kíkọ àkókò, ni kí ẹ lò, 5025 á di PT1H23M45S. YouTube náà bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fún àwa tí à ń kọ kóòdù ní gígùn fídíò. T yẹn ṣe pàtàkì gan-an, PT1M ni ìṣẹ́jú kan, P1M ni oṣù kan.

Ará_Ọ̀fà

Èmi ò mọ kóòdù, Excel ni mo fi ń kọ iye àkókò tí jẹnẹ́rétọ̀ wa fi ṣiṣẹ́, mo ti fẹ́ béèrè tipẹ́. Tí mo bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó máa ń sọ wákàtí 6 nígbà tí mo mọ̀ pé ó lé ní ọgbọ̀n.

Ìyá_Kóòdù

Ohun tí Baba_Ìbejì sọ lókè nípa aago náà ló ń ṣe yín. Ẹ lọ síbi format, ẹ kọ [h]:mm:ss dípò h:mm:ss. Àkámọ́ yẹn ló ń sọ fún un pé kó má padà sí òdo tó bá pé 24. Wákàtí 30 yín ló ń di 6. Tó bá jẹ́ sẹ́kọ́ńdì lẹ ní lọ́wọ́, ẹ fi 86400 pín in kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ará_Ọ̀fà

Ó ti sọ 30:12:00!! Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń fọwọ́ rò ó.

Ọmọ_Tanke

Ẹ̀yin àgbà mi, mo ti parí ẹ̀. Mo dán 0, 1, 59, 60, 61, 3599, 3600, 86399 àti 86400 wò, mo sọ wọ́n di ọ̀rọ̀, mo tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn padà di sẹ́kọ́ńdì, gbogbo wọn ló padà bó ṣe wà. 0 nìkan ló kọ́kọ́ fún mi ní òfìfo, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, mo ti ní kó máa kọ "ìṣẹ́jú àáyá 0".

Níbi àkójọ, mo yọ sẹ́kọ́ńdì kúrò, wákàtí àti ìṣẹ́jú nìkan ló kù, torí ẹni tó fẹ́ gbọ́ wáàsí ò nílò 45 yẹn. Mo tún fi han màmá mi lálẹ́ àná. Wọ́n kà á sókè, "Wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún." Wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn lè gbọ́ ọ tán láàárín Àìlá sí Àlásárì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì.

Wọ́n wá béèrè nǹkan kan tí mi ò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Àbúrò mi fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń mú un yára sí 1.5, wọ́n ní kí ló dé tó ṣì ń sọ wákàtí kan ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún.

Ìyá_Kóòdù

Torí pé audio.duration kì í yí padà tí playbackRate, ìyára yẹn, bá yí padà ni, gígùn fáìlì ló ń sọ. Fi ìyára pín àpapọ̀ kí o tó sọ ọ́ di odindi, kí o tó wá pín in sí wákàtí àti ìṣẹ́jú: 5025 tí a fi 1.5 pín jẹ́ 3350. Ìṣẹ́jú 55 àti ìṣẹ́jú àáyá 50. Kọ "ní ìyára 1.5" ṣáájú ẹ̀ kí màmá lè mọ̀ pé ìyẹn yàtọ̀ sí ti àkójọ.